Bàbá, Màmá àti Ọlọ́mọyọyọ Ojú Ọ̀run

Bí iná ọba bá lọ ní àdúgbò wa ní Alakahia, èpè kan náà ni gbogbo ilé máa ń ṣẹ́. Ẹni tó ń lọ aṣọ á bú, ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù á bú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa á bú ju gbogbo wọn lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dúpẹ́. Bàbá tó bí ìyá mi á dìde lórí àga, á na apá rẹ̀ méjèèjì, á ní, "Wọ́n ṣeun o. Àbẹ̀kẹ́, bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀." Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ máa ń dúró lé ló ń sọ. A ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi níwájú, òun lẹ́yìn pẹ̀lú awò náà ní àyà bí ọmọ tuntun. Bí iná bá sì padà dé láìpẹ́, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo "Light don come!", Bàbá á pòṣé, á ní, "Wọ́n tún ti ba tiwa jẹ́."

Ó ti lọ báyìí. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní ó gbó, ó tọ́, wọ́n ní irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ẹkún. Mo sunkún, mo sì ń sun ún lọ́wọ́. N ó sọ irú ẹni tó jẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, n kò sì ní fi iyọ̀ kún un, nítorí kò sí ohun tí Bàbá kórìíra tó àbùmọ́.

Ará Iléṣà ni. Kété tí ogun abẹ́lé parí ló kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Port Harcourt láti wá kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì, ó sì pẹ́ kí yunifásítì tó gbà á síṣẹ́. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Èkó, ọwọ́ Bàbá àti Màmá ni mo dàgbà sí. Ahun ni Bàbá ní ti ọ̀rọ̀ dídùn, ṣùgbọ́n ní ti ìbáwí, ọ̀làwọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, alàgbà kan gbàdúrà lọ́jọ́ kan pé kí Ọlọ́run tó dá oòrùn ńlá àti àwọn ìràwọ̀ kéékèèké dá wa lóhùn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Bàbá náà ṣe àmín tirẹ̀, ó wá fi ohùn tí gbogbo wa gbọ́ kún un pé, "Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe kéékèèké."

Ohun kan wà ní ojú ọ̀run níhà gúúsù tí Bàbá fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Nọ́ńbà ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é nínú ìwé wọn. Bàbá ní abiyamọ tó ní ọmọ tó pọ̀ tó báyẹn kì í ṣe ẹni tí à ń fi nọ́ńbà pè bí ẹlẹ́wọ̀n, ó sọ ọ́ ní Ọlọ́mọyọyọ. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni, òbítíbitì ìràwọ̀ tó ń yí po bí omi tí à ń fi igi rò nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi di àbàwọ́n funfun kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kò yé bí ìràwọ̀ tuntun. Ní àárín rẹ̀ níbẹ̀, bó ti ń bí ọ̀kan ló ń lóyún òmíràn. Bàbá lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà oúnjẹ alẹ́ títí tí Màmá á fi kó àwo kúrò nílẹ̀.

Kò nílò ìwé atọ́nà láti wá a rí. Á kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ ńlá kan tó dá wà ní gúúsù, á ti ibẹ̀ gòkè lọ sí ọwọ́ òsì, sí òmíràn tó pọ́n díẹ̀, á wá sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀nba síhà òkun, á dúró. Ibẹ̀ ló máa ń bá a. Àkókò tó dára jù láti rí i kò gùn: ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ sì tó gbé eruku rẹ̀ dé. Kódà nígbà náà, iná gáàsì tí wọ́n ń sun tọ̀sán-tòru lẹ́yìn odi ìlú ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀run di pupa. Bàbá máa ń sọ pé nínú gbogbo ìlú tí òun gbé, Port Harcourt nìkan ni ilẹ̀ kì í ti í ṣú tán.

Nígbà àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n wò ó, n kò rí nǹkan kan. Mo ranjú mọ́ awò náà títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Bàbá, n kò rí i."

"O ń tẹjú mọ́ ọn jù. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá."

Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, ó sì yọ, funfun, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èéfín bá dúró sójú kan. Mo bi í pé kí ló fà á tó fi jẹ́ pé ìgbà tí a kò bá wò ó la máa ń rí i. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ló tó ṣàlàyé bí ojú ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi. Lọ́jọ́ náà, ohun tó sọ ni pé, "Àgbà ni. Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa wo àgbà lójú?"

Ó fẹ́ràn ìjà. Èyí tó pẹ́ jù ni ti Papa Chidi, ará Ikwerre tí ilé rẹ̀ bá tiwa pààlà, tó so gílóòbù ńlá kan mọ́ ògiri rẹ̀ nítorí olè. Gílóòbù náà ń tàn tààrà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Bàbá lọ bá a jà, kò gbọ́.

"Oga Teacher, abeg, lef my bulb," ni Papa Chidi wí láti orí pèpéle rẹ̀. "If thief come, na star go blow whistle?"

"Thief no dey come where person dey outside," ni Bàbá fi Pidgin rẹ̀ tó le bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí dáhùn. "Me, I dey outside."

Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń bá a bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná ọba lọ, Papa Chidi sì yọ sí wa láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wo ohun tó ń fa ìjà. Bàbá fi awò náà sílẹ̀ fún un. Ó wò ó títí, ó gbé ojú sókè, ó wo Bàbá. "Na this small thing you dey fight me for since?" Inú mi ti ń dùn pé Bàbá á gbaná jẹ. Kò gbaná jẹ. Ó ní, "Na far e far. E no small." Láti ìgbà náà ni Papa Chidi ti máa ń pa gílóòbù rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, tí á sì máa ṣàlàyé fún àwọn ayálégbé rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ọ̀run.

Nínú gbogbo àwa tí a ń gbé ilé náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò fojú kan awò yẹn rí. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ni. Bàbá á pè é láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìyá Bọ́lá, wá wò ó, ó mọ́ lónìí." Màmá á ní òun ń lọ ata. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ló ń ká. Lọ́jọ́ kẹta, orí ń fọ́ ọ. Mo rò pé kò kàn nífẹ̀ẹ́ sí i ni, títí ìyá mi fi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, tó rí i pé mo ti dàgbà tó, tó sì sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ méjì ni Màmá bí. Ìyá mi, Bọ́lá, ni àkọ́bí. Ẹ̀bùn ni èkejì, obìnrin ni, kò sì tíì ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ lọ nígbà tí wọ́n dé Port Harcourt. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ibà mú un lọ́sàn-án, gìrì gbé e nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Nílé, ní Iléṣà, ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń pe irú èyí. Àwọn ẹlòmíràn ló máa ń gbé ọmọ náà lọ. Òbí kì í tẹ̀ lé wọn, wọn kì í fi àmì sí ojú ibẹ̀, ìyá kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó má baà di pé ibẹ̀ ni yóò máa lọ jókòó sí, tí kò ní lè tọ́jú èyí tó kù. Àṣà náà dára níbi tí ènìyàn ti ní ẹbí. Ṣùgbọ́n ta ni Bàbá mọ̀ ní Port Harcourt? Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ rẹ̀ wọ Mgbuoba, tí kò ju igbó àti oko lọ nígbà náà. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀. Òun ló bò ó. Nígbà tó padà wọlé, Màmá bi í pé, "Níbo lo gbé e sí?" Bàbá ní, "A kì í bèèrè."

Ìyá mi sọ pé láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síta pẹ̀lú awò olójú méjì tó yá nílé ẹ̀kọ́. Oúnjẹ kò wọ ẹnu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló fojú rí ohun tó ti ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ wo orúkọ tó sọ ọ́. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì ń ti ìta wọlé wá yin abiyamọ mìíràn tí ọmọ rẹ̀ kò lóǹkà. Bàbá rò pé òun ń tù ú nínú ni. Ó ní kó má rò pé gbogbo ọmọ Ọlọ́mọyọyọ ló ń dúró. Ó ní àwọn tó tóbi jù, tó mọ́lẹ̀ jù, àwọn gan-an ló ń tètè jó tán tí wọ́n ń fọ́ yángá, àti pé eérú wọn ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi ń di odidi. Màmá gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Àbíkú ni wọ́n, nígbà náà. Bàbá Bọ́lá, má pè mí wá wo àbíkú mọ́."

Bàbá kò dẹ́kun pípè é. Inú ń bí mi sí i títí di òní nítorí ìyẹn. Ó gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Màmá náà kò sì dẹ́kun ìbéèrè tirẹ̀. Lọ́dọọdún, tí oṣù náà bá ti dé, á gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, á dúró, á ní, "Bàbá Bọ́lá, níbo lo gbé ọmọ mi sí?" Kò ní í pariwo. Bàbá á ní, "A kì í bèèrè," á sì bu òkèlè. Mo ti gbọ́ ọ púpọ̀ nígbà èwe mi kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo wà ní girama nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Dókítà ní irú àìsàn tí kò ṣeé dá padà ni, tó máa ń jẹ ojú láti etí wá sí àárín. Etí ojú yẹn sì ni Bàbá fi ń rí Ọlọ́mọyọyọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń jáde, ó ṣì ń yí awò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ọ̀nà. Á wá sún sẹ́yìn, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó wà níbẹ̀?" N ó wò ó, n ó ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá." Á mi orí, á ní, "Mo mọ̀." Nígbà tó fẹsẹ̀ kọ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Màmá tó mọ̀ pé ọkọ òun ti ń fọ́jú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá kò bọ́ aṣọ rẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ìyá Bọ́lá, má bọ́ bàtà. Ká lọ sí Mgbuoba."

 Màmá wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó ìyá mi. Nínú takisí, Bàbá sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ibẹ̀ hàn án kí ojú tó kù yìí tó lọ tán, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.  Ó mọ̀ pé ohun tí wọn kì í ṣe ni òun ń lọ ṣe.

Ọ̀pẹ kan tó tẹ̀ ló fi ṣe àmì lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, àti odò kékeré kan: láti ìdí ọ̀pẹ, kí o kọjú sí odò, kí o rìn díẹ̀. Bó ṣe ń rin ojú ọ̀run náà nìyẹn. Ó ti ń bá ojú ọ̀run gbé pẹ́ jù, ó gbàgbọ́ pé ohun tó bá ti wà níbì kan á ṣì wà níbẹ̀ tí o bá padà wá. A sọ̀ kalẹ̀ ní Mgbuoba. Ṣọ́ọ̀bù ni, ilé ni, fẹ́ǹsì ni, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ni, ilé ìtajà símẹ́ńtì. Bàbá ní kí n wá odò. Mo bi ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà tó jò. "River?" ni ó wí. "River no dey here. Na only gutter."

A rìn. Bàbá di èjìká mi mú, Màmá ń tẹ̀ lé wa. Á ní kí n yà sí òsì, á ní kí n dúró, á fọwọ́ kan ògiri, á ní kì í ṣe ibí. A padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, a tún rìn. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, a wọ àgbàlá kan tí yàrá kọjú sí yàrá, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń fọ aṣọ. Ó nu ọṣẹ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Mama, good afternoon ma. Who una dey find?"

Màmá ló dá a lóhùn. "My pikin."

"Wetin be the name?"

"Ẹ̀bùn."

Ọ̀dọ́bìnrin náà ronú. Ó pariwo sínú ilé: "Una know any Ẹ̀bùn for this yard?" Ohùn kan láti inú yàrá ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Màmá, ó káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn. "Mama, sorry. E be like say e don pack."

"E fit be," ni Màmá wí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà lọ gbé bẹ́ǹṣì wá fún wa. Bàbá kò jókòó. Ó dúró sí àárín àgbàlá yẹn láàárín aṣọ tí wọ́n sá, ó yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú ojú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí, orúkọ tí kò sí ẹni tó pè é láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú.

"Ìyá Ẹ̀bùn. Mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

N kò gbọ́ kí Bàbá sọ rí láyé pé òun kò mọ nǹkan. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé Màmá á ké, pé gbogbo ọdún tó fi gbé oúnjẹ kalẹ̀ tó sì béèrè yẹn á tú jáde lọ́wọ́ kan. Kò ké. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó yẹn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ tó tutù fún omi ọṣẹ. "Ẹ̀bùn," ó ní. "Èmi nìyí o." Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti mọ̀ wàyí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí Màmá dìde, ó lọ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ó tó. O ti mú mi dé ibi tí agbára rẹ mọ."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Màmá ló ní kí n gbé awò jáde. Mo bá a wá a. Ó wò ó, kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó ṣáà béèrè pé, "Àwọn tó ń kú níbẹ̀ yẹn, ta ló ń sin wọ́n?"

"Kò sí ẹni tó ń sin wọ́n," ni Bàbá wí.

"Tiwa sàn, nígbà náà," ni Màmá wí. "Bàbá rẹ̀ ló sin ín."

Bàbá yíjú sí ògiri Papa Chidi, ó sì sunkún. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ awò náà.

Ìgbà òjò ni Bàbá kú, láàárọ̀, lórí ibùsùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi ti Iléṣà dé pẹ̀lú ọkọ̀ tí yóò gbé òkú. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè é ní ilé baba wọn, bó ṣe yẹ àgbà. Màmá wà lórí ẹní, ó ní òkú kò lọ síbì kankan, Port Harcourt ni wọn yóò sin ín sí. Ọ̀rọ̀ dìjà. Àbúrò Bàbá ń pariwo nínú pálọ̀ wa pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹbí wọn.

"Ìyàwó, kí ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá ní ilẹ̀ onílẹ̀? Ta ló ní níbí?"

"Ọmọ rẹ̀ wà níbí," ni Màmá wí.

"Ọmọ wo? Ṣebí Bọ́lá nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó ti Èkó wá?"

Màmá wò ó. Ó hàn pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gbàgbé pátápátá, kò sì sí bí kò ṣe ní gbàgbé: kò rí ọmọ náà ju ìgbà kan lọ.

"Ẹ̀bùn," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n sọ fún yín pé òun ti fi í sílẹ̀ nínú igbó lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."